Abọ́ Idẹ Tí Wọ́n Dì Lẹ́nu

Ìgbà tí Chirimaya lu abọ́ náà lẹ́ẹ̀kẹta ní àárọ̀ Sátidé yẹn ni obìnrin tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní dìde jókòó gbàgà. Ó fi ọwọ́ bo etí rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán láti imú rẹ̀ sórí aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀.

"Kí lẹ gbé lé mi láyà?" ló ń pariwo. "Ẹ gbé e kúrò! Ẹ gbé e kúrò níwájú mi!"

Olùkọ́ ni obìnrin náà, Devaki lorúkọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń gun àtẹ̀gùn wá sí yàrá Chirimaya ní Patan, ní ilẹ̀ Nepal, nítorí pé oorun kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Abọ́ idẹ kan náà yìí ni Chirimaya máa ń gbé lé e láyà, tí yóò fi kọ̀ǹgọ́ tí wọ́n fi awọ wé lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ìró rẹ̀ yóò máa rìn nínú egungun rẹ̀ bí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Devaki kò gbọ́ òpin ìró náà rí. Kó tó parí, ó ti ń hanrun.

Ní àárọ̀ yìí, ohùn tó ti inú abọ́ náà jáde kì í ṣe ohùn rẹ̀. Ó dà bí ohùn ẹran tí wọ́n fi okùn fún lọ́rùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Chirimaya wí, ó na aṣọ ìnura sí i.

"Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Kí ni?"

"N ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀! Ẹ̀yin lẹ ni abọ́, ẹ ò mọ̀!" Devaki kó bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìwọ̀ ọ́.

Òun ni ẹnì kẹta lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyàwó awakọ̀ kan ló kọ́kọ́ bì lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, tó ń pe orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀ tó ti kú, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó rí wọn nínú yàrá.

Chirimaya ti ilẹ̀kùn, ó gbé abọ́ náà lọ sí ojú fèrèsé, ó sì dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ní ìdí rẹ̀, níbi tó máa ń fi jókòó, nǹkan dúdú kan lẹ̀ mọ́ ọn yí ká, tín-ín-rín bíi tìróò. Ó fi èékánná ha á, ó gbé e sí imú. Irun tó jóná ni, àti òróró, àti nǹkan mìíràn tí kò mọ̀, tó mú kí itọ́ ẹnu rẹ̀ korò.

Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á. Ẹ̀rù náà kò pẹ́. Ìbínú ló lé e jáde.

Ọkọ rẹ̀, Gyanratna, ló lu abọ́ náà nílé iná tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé yìí kan náà, ní ọdún tí wọ́n bí ọmọbìnrin wọn, Rojina. Ọkùnrin mẹ́rin ló máa ń fi òòlù lu idẹ gbígbóná ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé títí yóò fi di abọ́, ṣùgbọ́n òòlù ìkẹyìn, èyí tí wọ́n ń lù sínú, nítòsí etí abọ́, tó ń jí ohùn, Gyanratna nìkan ló máa ń lù ú. Nígbà tí èéfín iná pa àyà rẹ̀ tó sì rí i pé òun ń lọ, ìyàwó rẹ̀ ló pè, ó sì fi òòlù náà sí i lọ́wọ́. Kò pe Bekharatna, àbúrò rẹ̀.

"Bekha ò ní sùúrù," ló wí. "Á fọ́ gbogbo wọn."

Láti ọjọ́ náà ni Bekharatna ti ń fi eyín nìkan rẹ́rìn-ín sí Chirimaya. Ó kó lọ sí Boudha, ní apá kejì ìlú, ó ya gbọ̀ngàn ńlá kan, ó so agogo tó tó táyà ọkọ̀ akẹ́rù mọ́ ara ògiri, àwọn òyìnbó sì ń wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí ara lè tù wọ́n. Ìyẹn kò dun Chirimaya. Irọ́ tó ń pa fún wọn ló ń dùn ún. Ó ń sọ fún wọn pé àwọn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà inú ihò àpáta ló fi irin tó jábọ́ láti ọ̀run ṣe àwọn abọ́ náà. Abọ́ tí ìyá ìyá wọn fi jẹ ìrẹsì! Abọ́ tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó sí!

Ó mú fóònù, ó pè é.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi!" Ohùn Bekharatna dùn bí oyin. "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé kò sí wàhálà? Mo gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú àwọn oníbàárà yín."

Devaki kò tíì pé wákàtí kan tó kúrò nílé.

"Ta ló sọ fún ẹ?" ló bi í.

"Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀. Ẹ má fi ṣe ìbínú. Bóyá ó ti rẹ̀ yín ni. Ẹ ò ṣe gbé abọ́ ẹ̀gbọ́n mi wá sọ́dọ̀ mi, kí n bá yín tọ́jú rẹ̀?"

"Bekha," ni Chirimaya wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ohun tí o ṣe, mo ti rí i."

"Kí ni mo ṣe?"

Ó pa fóònù náà mọ́ ọn lẹ́nu.

*

Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Bekharatna ti jókòó nínú ahéré alámọ̀ kan lẹ́bàá òkè, ní gúúsù ìlú. Òjò ń rọ̀. Olóògùn ni ọkùnrin tó jókòó síwájú rẹ̀, Sete lorúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ iye ọdún rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan funfun, ó sì ń fi ìyẹn wo èèyàn ju èyí tó ríran lọ.

"Ṣé kí obìnrin náà kú ni?" ni Sete bi í.

"Rárá o, Bàbá! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo kàn fẹ́ kí abọ́ rẹ̀ yadi."

"Abọ́ yẹn ò lè yadi. Bí o bá dì í lẹ́nu, á wá ibòmíràn gbà sọ̀rọ̀."

"Ibi tó bá wù ú kó gbà."

Sete ti ìgò kékeré kan sí i. Nǹkan dúdú ló wà nínú rẹ̀. Bekharatna fẹ́ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ó wo ojú funfun náà, kò sì béèrè mọ́.

"Gbọ́ mi dáadáa," ni Sete wí. "Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á mọ́ abọ́ náà ni yóò gbé ẹrù rẹ̀, bí wọ́n bá dá a padà. Kì í ṣe ẹni tó rán an níṣẹ́."

Bekharatna yí ìgò náà ká lọ́wọ́. Ìró òjò nìkan ló kún inú ahéré.

"Ṣé ọwọ́ ẹlòmíràn lè bá mi pa á?"

Sete wò ó pẹ́. "Ọwọ́ ẹnikẹ́ni," ló wí, ó sì yíjú kúrò lára rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan ń rùn sí.

Ní ọjọ́ kejì, Bekharatna wà ní ṣọ́ọ̀bù tíì kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ tí Rojina ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Rojina. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, Bekharatna ló máa ń rántí ọjọ́ ìbí rẹ̀.

"O ti rù," ló wí fún un, ó ti àwo mómò, ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé, sí iwájú rẹ̀. "Ṣé ìyá ẹ ò fún ẹ lóúnjẹ ni?"

"Bàbá Kékeré, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín.

Ó gbé ìgò náà jáde. "Ìpara idẹ ni. India ni wọ́n ti gbé e wá. Fi ìka pa á yí ìdí abọ́ bàbá ẹ ká, ohùn rẹ̀ á dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìyá ẹ gbọ́. O mọ̀ pé bó bá ti gbọ́ pé ọwọ́ mi ló ti wá, ó máa dà á nù ni."

"Ẹ̀yin náà sì máa ń múnú bí wọn."

"Èmi? Èmi tí mo fẹ́ràn wọn báyìí?"

Rojina fi ìgò náà sínú báàgì rẹ̀.

*

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, Chirimaya wà nílé Ìyá Ganeshmaya. Obìnrin arúgbó ni, opó, tó ń gbé ní yàrá òkè kan lẹ́yìn tẹ́ńpìlì. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ tí ara wọn kò yá ló kún orí àtẹ̀gùn. Wọ́n wá nítorí òrìṣà Ajima, tó ń gun Ìyá Ganeshmaya láràárọ̀, tó sì ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó kan Chirimaya, arúgbó náà yán lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Irun rẹ̀ tú. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Ohùn tó sì ti ẹnu rẹ̀ jáde jẹ́ ti ọmọdébìnrin.

"Wọ́n ti dì í lẹ́nu."

"Ta ló dì í, Ìyá?"

Ó fọ́n ìrẹsì gbígbẹ sórí àwo idẹ, ó fi ìka tì í kiri. "Ṣé ìṣó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ?"

"Ó wà níbẹ̀. Mo kàn án lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú lé àwọn ẹ̀mí burúkú lọ sódò, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún."

"Nǹkan náà ò fò ó kọjá. Ará ilé ló gbé e wọlé. Ẹni tó ti jẹun lọ́wọ́ rẹ ni."

Chirimaya bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní adùn kankan. "Ará ilé! Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi bu oúnjẹ fún un. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ ohun tí màá ṣe fún mi."

"Bu omi sínú abọ́ náà dé ìdajì. Fi ìṣó irin kan sínú omi. Bí oòrùn bá dé àtàrí, lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, kí o sì ní kó padà sọ́wọ́ tó ti wá. Ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, kò ní kù sí ọ nílé mọ́."

"Ṣé á dùn ún?"

Ojú arúgbó náà là sílẹ̀ lójijì. "Ṣé èmi lò ń bi, àbí ìbínú rẹ lò ń bi?"

"Ìbínú mi ni mo ń bi."

"Á dùn ún. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wádìí ọwọ́ náà. Ọwọ́ tó pa nǹkan lè má jẹ́ ti..."

Chirimaya ti dìde. Ó ti wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń la àárín àwọn ìyá ọlọ́mọ kọjá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó gun orí òrùlé. Òjò ti dá. Ata tí aládùúgbò sá sórí òrùlé kejì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó kọjú sí ìhà Boudha, ó gbé abọ́ lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, omi àti ìṣó wà nínú rẹ̀.

"Ohun tí o rán wá," ló wí, "gbà á padà."

Ó lù ú.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìró náà kò fẹ̀. Tín-ín-rín ló jáde, gbọnrangandan bí wáyà, ó sì lọ. Gbogbo ẹyẹlé orí tẹ́ńpìlì fò lẹ́ẹ̀kan náà. Ajá tó ń gbó ní ìsàlẹ̀ panu mọ́. Chirimaya rí i pé omi inú abọ́ ń hó láìsí iná. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí Rojina dé láti ilé ẹ̀kọ́, nítorí Sátidé nìkan ni wọ́n ń sinmi níbẹ̀, ó fi ọwọ́ bo etí òsì.

"Màmá, nǹkan kan ń kùn ún ún ún nínú etí mi láti ọ̀sán."

"Omi òjò ló kó sí i," ni Chirimaya wí. Kò tilẹ̀ wò ó. Inú rẹ̀ ń dùn. "Fi orí rẹ dagun, á jáde."

*

Ní Boudha, Bekharatna kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń jẹun. Fóònù dún, Sete ni.

"Wọ́n ti ń dá a padà," ni Sete wí. "Lọ́sàn-án yìí. Méjì ló kù."

Bekharatna fi oúnjẹ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan etí rẹ̀, ó fi kan àyà rẹ̀. "Kò sí nǹkan tó ṣe mí, Bàbá."

"Kò sí nǹkan tó máa ṣe ọ́. Ṣé ìwọ lo pa á?"

"Rárá."

"Ta ni?"

Ọkàn rẹ̀ lọ sí ọjọ́ àjọ̀dún kan, tí wọ́n ń fa kẹ̀kẹ́ òrìṣà gba ìgboro, tó gbé ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan lé èjìká kó lè rí i. Ọmọ náà ń fa irun rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ẹ sáré, Bàbá Kékeré, ẹ sáré!"

Ó lè dìde nígbà náà. Ó lè gun alùpùpù rẹ̀, kó dé Patan kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, kó ní, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má lù ú mọ́."

Ó nu òróró kúrò ní ìka rẹ̀. Ó wọ gbọ̀ngàn lọ, ó rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò tó wà lórí ẹní, ó sì ní kí wọ́n di ojú wọn.

*

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Rojina kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nítorí etí tó ń dùn ún. Ní ọ̀sán gangan, Chirimaya lu abọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ó gbọ́ nǹkan tó wó lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbì. Lẹ́yìn náà, gbì, gbì, gbì, bí àpò ọkà tó ń yí lórí àtẹ̀gùn.

Rojina ti ń bọ̀ wá pè é wá jẹun. Ó wà ní ìdí àtẹ̀gùn, ó ká jọ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti etí òsì rẹ̀ wọ ọrùn aṣọ.

"Rojina! Rojina!"

"Màmá, ẹ pariwo," ni ọmọ náà wí, òun gan-an ń pariwo. "Ẹ̀ ń la ẹnu, n ò gbọ́ yín!"

Dókítà tó wo etí náà nílé ìwòsàn pe dókítà mìíràn. Àwọn méjèèjì wò ó tán, wọ́n wo ara wọn.

"Ṣé ó wà nítòsí ibi tí bọ́ǹbù ti dún ni?" ni èkejì béèrè.

"Inú ilé ló wà."

"Awọ etí òsì ti fà ya pátápátá. Ọ̀tún ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti wú." Ó mi orí. "N ò rí irú èyí rí."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Rojina fi etí ọ̀tún sún mọ́ ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé abọ́ Dádì ni ẹ̀ ń lù lórí òrùlé?"

"Kí ló dé?"

"Nítorí ìgbà tí ẹ lù ú, mo gbọ́ orúkọ mi nínú rẹ̀." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni mo pa nǹkan sí ìdí rẹ̀. Bàbá Kékeré ló fún mi. Wọ́n ní ìpara ni. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ á dùn sí i. Màmá, mo fẹ́ kó yà yín lẹ́nu ni."

Chirimaya wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀, ọwọ́ tó di kọ̀ǹgọ́ mú, ọwọ́ tó fi ìdùnnú lu abọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ká a ní ìkúùkù, ó fi lu ògiri ilé ìwòsàn. Ó tún lù ú. Nọ́ọ̀sì kan sáré wá.

"Ìyá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀!"

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tó mọ̀. Ó bu mómò fún ọmọ, ó wo ojú ọmọ, ó sì fi ikú etí lé e lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Ìbínú tó ti ń bá Chirimaya kiri láti ọjọ́ Sátidé wá dà bí eré ọmọdé lójú rẹ̀.

*

Ìyá Ganeshmaya ń gé ewébẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Kò sí òrìṣà lórí rẹ̀, ohùn ara rẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀.

"Mo ní kí o wádìí ọwọ́ náà."

"Ẹ ò sọ ọ́ tán, Ìyá!"

"O ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán." Ó fa Rojina mọ́ra, ó wo etí méjèèjì. Ojú rẹ̀ yí padà. "Méjì ti jáde. Ẹ̀kẹta kò ní dúró de ọwọ́ rẹ. Bí oòrùn ọ̀la bá kọjá àtàrí tí ẹnikẹ́ni kò lù ú, á lu ara rẹ̀, etí ọ̀tún ni yóò sì gbà jáde."

"Bí mo bá fọ́ abọ́ náà ńkọ́?"

"Á jáde lẹ́ẹ̀kan náà."

"Bí èmi bá gbà á sí ara mi?"

"Kì í ṣe tìrẹ. Kò mọ̀ ọ́." Arúgbó náà fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ yìí, ẹni tó ni ín. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù ú kí ọ̀sán tó pọ́n. O ò sì lè fi ipá mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé kọ̀ǹgọ́."

"Á gbé e," ni Chirimaya wí.

*

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ọjọ́ Túsìdé, àwọn òyìnbó bí ogún ló dùbúlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn Boudha, wọ́n tẹ́ rẹrẹ bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn. Èéfín tùràrí rọ̀ lókè wọn. Bekharatna dúró láàárín àwọn agogo ńlá, nínú aṣọ pupa tí kò sí baba ńlá rẹ̀ kan tó wọ irú rẹ̀ rí.

"Nínú ihò àpáta," ló ń wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn..."

Ilẹ̀kùn ṣí. Chirimaya wọlé tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ó gbé abọ́ náà mọ́ àyà. Rojina tẹ̀ lé e, òwú ń bẹ létí òsì rẹ̀.

Àwọ̀ ojú Bekharatna yí padà. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo ní àlejò."

"Mo rí wọn." Chirimaya gbé abọ́ náà kalẹ̀ lórí tìmùtìmù tó wà níwájú rẹ̀. "O ní kí n gbé abọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ wá kí o bá mi tọ́jú rẹ̀. Mo ti gbé e dé. Lù ú."

"Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ níta."

"Kò sí ọ̀rọ̀ níta. Lù ú."

"Àwọn èèyàn ń sinmi!"

"Ṣé ìsinmi ni? Ṣebí ìwọ lo mọ ohùn abọ́ jù. Ṣebí ọ̀run ni irin rẹ ti jábọ́. Lu ti ayé yìí kí á gbọ́!"

Àwọn òyìnbó ti ń dìde jókòó. Obìnrin arúgbó kan láàárín wọn, tó ti gbé Nepal pẹ́ tó sì gbọ́ èdè, na ọrùn wo abọ́ náà. "Ó mà rẹwà o," ló wí. "Ọ̀gá, ta ló ṣe é?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni," ni Chirimaya dáhùn. "Òòlù ló fi ṣe é. Kò gbé inú ihò rí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Òógùn bo iwájú orí Bekharatna. Aago ara ògiri ti di méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

"Ọ̀gá, ẹ lù ú fún wa," ni arúgbó náà bẹ̀ ẹ́.

"Abọ́ náà... abọ́ náà ò mọ́," ni Bekharatna wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà sẹ́yìn.

Rojina bọ́ síwájú. Kò gbọ́ bí ohùn ara rẹ̀ ti ga tó, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń gbọ́ ọ.

"Bàbá Kékeré! Ẹ lù ú. Ṣebí ìpara lásán ni!"

Bekharatna wo ọmọ náà, ó wo òwú tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí. Ó wo ogójì ojú tó ń wò ó. Bó bá kọ̀, ó ti jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Bó bá lù ú, bóyá Sete parọ́. Bóyá gbogbo rẹ̀ kò ju irun àti òróró lọ. Ẹ rí bí ọkùnrin náà ti ń ronú. Kò ro ti etí ọmọ náà rárá.

Ó gbé kọ̀ǹgọ́. Ó fi orí kọ̀ǹgọ́ náà kan abọ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé aláìsàn.

Kò dún.

Àwọn òyìnbó wo ara wọn. Obìnrin arúgbó náà fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. Kò sí ìró kankan, kódà bíi ti igi tó kan irin, kò sí.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹgọ́ bọ́ lọ́wọ́ Bekharatna. Ó yí orí sí òsì, ó yí i sí ọ̀tún. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Ẹ dá a dúró," ló wí.

"Kí ni ká dá dúró?" ni Chirimaya bi í.

"Ẹ dá a dúró! Ẹ ò gbọ́ ọ ni?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá etí mú. Ó kọlu agogo ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, agogo náà dún gbọ̀ọ̀n, gbogbo èèyàn sì fò sókè, àfi òun nìkan. Kò tilẹ̀ gbọ́ ìyẹn.

Chirimaya gbé abọ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n jáde sínú oòrùn.

*

Etí ọ̀tún Rojina san. Ti òsì kò padà. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lẹ́yìn oṣù kan, Devaki náà padà wá. Chirimaya ń lu abọ́ fún wọn, ara ń tù wọ́n, wọ́n ń sùn. Ara tirẹ̀ kò tù. Lójoojúmọ́ tó bá rí ọmọ rẹ̀ tó yí orí kó tó lè gbọ́ ìpè, á fi kọ̀ǹgọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí òjò tán nílẹ̀, Tulasa, ìyàwó Bekharatna, wá bá a nílé iná. Chirimaya ń lu idẹ, kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Tulasa wí, ó kúnlẹ̀ sínú eérú. "Kò sùn mọ́. Ó ní ìró kan wà tí kò parí. Ó ti ta gbogbo agogo. Ó ní kí ẹ gbà á kúrò létí òun."

"Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo mọ ohun tó ṣe. Ẹ wo tèmi."

Chirimaya fi òòlù sílẹ̀. Ó ti béèrè lọ́dọ̀ Ìyá Ganeshmaya, ó sì mọ ohun tó lè tú u. "Kó wá lọ́jọ́ Sátidé, lójú ọ̀sán. Kó dúró níwájú ọmọ mi, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe fún un. Gbogbo rẹ̀. Ó tán."

"Ẹ ní kó dúró sí ọwọ́ ọ̀tún mi," ni Rojina wí láti ẹnu ọ̀nà. "Òsì ò gbọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Rojina se tíì. Ọ̀sán pọ́n. Tulasa nìkan ló gun àtẹ̀gùn wá, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ó wà ní ìsàlẹ̀," ló wí. "Ó ní òun ò lè gòkè. Ó ní kí n sọ fún yín pé..." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ó ní ìpara lásán lòun fún un."

Chirimaya lọ sójú fèrèsé, Rojina dúró tì í. Bekharatna wà lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, ó ti rù, ó fi aṣọ wé orí àti etí. Ó gbójú sókè, ó rí wọn. Ètè rẹ̀ mì. Ó tún mì. Chirimaya di igi fèrèsé mú, ó ń dúró. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá péré ló wà láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni.

Ọkùnrin náà yí ẹ̀yìn, ó di etí rẹ̀ mú, ó sì gba ọ̀nà tó gbà wá lọ.

"Màmá, kí ni wọ́n sọ?" ni Rojina béèrè. "N ò gbọ́ ọ."

Chirimaya gbé ẹnu sí etí ọ̀tún ọmọ rẹ̀.

"Kò sọ nǹkan kan," ló wí, ó sì pa fèrèsé náà dé pẹ̀lú agbára débi pé gíláàsì rẹ̀ fọ́ sí i lọ́wọ́.